Òpó Ilé Kò Gbọdọ̀ Kọjá Ibodè

"Ìbídùnní ọmọ Àkínrìnádé, ẹ káàárọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà sẹ́yìn."

Ohùn ibodè tutù bí omi inú àmù. Ìbídùnní rò pé òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé àtẹ̀gùn, àpò rẹ̀ wà léjìká, àwọn èrò tó wá sin òun àti àwọn ará ọkọ̀ yòókù sì ń pariwo orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn bí ẹni pé ó ti dé Bàhíà, ó sì ti bọ̀. Ó tún tẹ̀ síwájú. Ọ̀pá ìdábùú ibodè sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó dá a dúró láyà.

"Ẹ padà sẹ́yìn, ẹ jọ̀ọ́," ni ibodè tún wí. "A ò tíì lè jẹ́ kí ẹ kọjá."

"Èmi kẹ̀? Èmi ni mo fẹ́ tu ọkọ̀!"

"A mọ̀. A bá yín yọ̀. Ṣùgbọ́n ìlẹ̀kẹ̀ ọkọ yín ṣì wà ní àwọ̀ ìyeyè."

Láti ìgbà ọyẹ́ ni ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ọwọ́ Níkò, ọkọ rẹ̀, ti kúrò ní àwọ̀ ewé, tó sì ti pọ́n bí èso tí wọ́n gbàgbé sórí igi. Bó ṣe máa ń rí fún gbogbo àjèjì tó ń gbé Oríomi nìyẹn bí àsìkò ìtúnṣe àṣẹ ìgbélùú wọn bá tó: ewé a di ìyeyè, ìyeyè a sì tún padà di ewé. Wọ́n ti lọ béèrè. Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n bá ní Ilé Ìgbélùú rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní kí wọ́n má da ara wọn láàmú, kó tó di ọjọ́ ìrìnàjò, ọ̀rọ̀ á ti yanjú. Ọjọ́ ìrìnàjò ti pé wàyí.

"Kí ni ìlẹ̀kẹ̀ ọkọ mi wá kan tèmi?" ni ó béèrè. "Ọmọ ìlú yìí ni mí. Ìlú yìí ni wọ́n ti kun mi lósùn."

"Ẹ̀yin ni òpó ilé rẹ̀," ni ibodè dáhùn. "Ẹ̀yin ló rọ̀ mọ́ tó fi wà nílùú. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ bá wà níwájú ìgbìmọ̀, òpó kò gbọdọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ Oríomi. Bí òpó bá kúrò, ilé ti wó nìyẹn."

"Bí ilé bá wó ńkọ́?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ á di pupa. Ọkọ̀ á wá gbé e jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ má bínú."

Lódì kejì ibodè, ọkọ̀ Arògìdìgbà ń dúró dè é. Ó gùn ju òpópónà lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú ó ń dán, ìrù rẹ̀ sì ń na omi díẹ̀díẹ̀ bí ìrù ẹja tó ń ronú. Kì í mu epo, kì í jẹ iná. Wọ́n kàn án kó lè bọ́ sínú ìṣàn omi ńlá tó ń gba abẹ́ òkun kọjá lọ sí Bàhíà, kó máa fi ìrù ti ara rẹ̀ lọ bí ẹja gidi. Kò sí ọkọ̀ tó gba ọ̀nà náà rí. Gbogbo ìlú ti gun orí òrùlé. Àwọn ọmọdé so aṣọ mọ́ igi, wọ́n ń jù ú fìrìfìrì. Láti ìgbà tí wọ́n ti so ìrù náà mọ́ ọkọ̀, ọwọ́ Ìbídùnní nìkan ló mọ̀, bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń mọ ohùn ìyá rẹ̀. Atukọ̀ mìíràn ti dán an wò lẹ́ẹ̀kan. Ìrù náà fi àbàrá fọ́ afárá.

"Ìbídùn! Kí lò ń dúró ṣe?"

Ọ̀gá Ṣówándé nìyẹn, àgbà ọkùnrin tó kan ọkọ̀ náà, òun ló sì jẹ́ olórí ìrìnàjò. Ó ti inú ọkọ̀ jáde, ó ń fi fìlà fẹ́ ara rẹ̀. Ìbídùnní ro ọ̀rọ̀ náà fún un. Bàbá náà dé fìlà padà, ó tún ṣí i.

"Ìṣàn omi ò mọ ìgbìmọ̀," ni ó wí. "Bó bá fi máa di ọ̀sán, ẹnu ọ̀nà náà á ti padé, ó di ẹ̀yìn òjò kó tó tún là."

"Mo mọ̀, ọ̀gá."

"Mi ò ní sọ fún ọ pé kí o lọ. Èmi náà láya nílé."

Ó yíjú sí omi, ó ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀ ẹ́.

Bí wọ́n ṣe dúró bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ọlọ́pọ́n kékeré kan gba ojú omi láàárín èrò já wá, Níkò ló ń wà á. Ó ti inú ọgbà orí omi bọ̀, níbi tó ti ń sin oyin. Fìlà aláwọ̀n rẹ̀ rọ̀ sẹ́yìn ọrùn, èéfín sì ń rùn lára rẹ̀. Gíríìkì ni. Erékùṣù kan ni wọ́n bí i sí, iná igbó jó o títí kò fi ku nǹkan kan, ni òkun bá gbé e dé Oríomi. Iyàrá kan nílé ìyá Ìbídùnní ni wọ́n fi í wọ̀ sí nígbà náà, ìyá arúgbó yẹn ló kọ́ ọ ní Yorùbá kó tó papò dà. Ìdí nìyẹn tí Níkò, tó ga bí òpó iná, fi máa ń sọ̀rọ̀ bí ìyá àgbà.

"Mo gbé o!" ni ó ké. "Kí ló ṣe ojú ìyàwó mi tó fi fà ro báyìí?"

"Ìlẹ̀kẹ̀ rẹ ni. Wọ́n ní bí mo bá lọ, wọ́n á lé ọ."

Níkò wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé kòkòrò ló bà lé e. "Nǹkan kékeré yìí? Máa lọ, jàre. Omi kì í dúró de ẹnìkan."

"Lónìí yìí náà ni wọ́n máa gbé ọ, Níkò."

"Kí wọ́n gbé mi."

"Lọ síbo? Ìlú rẹ ti di eérú!"

"Èmi á wá ọ̀nà."

"Ọ̀nà wo? Má purọ́ fún mi níwájú èrò."

Níkò gun orí pátákó, ó wá dúró tì í, wọ́n jọ ń wo Arògìdìgbà. "Wò ó," ni ó wí jẹ́jẹ́, "ṣé mo máa wà níbí kí n máa wo ojú rẹ lójoojúmọ́, kí n mọ̀ pé tìtorí tèmi lo ṣe jókòó? Mi ò lè jẹ ẹ́. Kò ní dà nínú mi."

Ìbẹ̀rù wà láyà Ìbídùnní, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan: láti àná ni inú rẹ̀ ti ń dùn débi pé kò lè jẹun, ayọ̀ náà kò sì tíì gbà láti kúrò. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀. Òun ò ní yan ọ̀kan. Kí ló dé tí òun fi máa yan ọ̀kan?

Ó kọjú sí ibodè.

"Ẹ dákun, ẹ ní òpó ò gbọdọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ Oríomi."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ilẹ̀ wo? Ṣé ilẹ̀ wà níbí ni? Pátákó àti rọ́bà àti okùn ni gbogbo ohun tí a dúró lé."

Iná ojú ibodè ṣẹ́jú. Àwọn èrò tó wà nítòsí ti ń dákẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ń ní kí ara wọn dákẹ́.

"Òfin sọ pé," ni ibodè wí, "ohunkóhun tó bá léfòó, tí orúkọ ìlú sì wà lára rẹ̀, ilẹ̀ Oríomi ni."

Ọ̀gá Ṣówándé ló kọ́kọ́ yé. Bàbá náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbàà!

"Kí ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ yẹn?" ni Ìbídùnní bi ibodè.

"Oríomi."

"Ṣé ó léfòó àbí kò léfòó?"

"Ó léfòó nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ́ rì í."

Èrò bú sẹ́rìn-ín. Níkò fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí obìnrin, lẹ́yìn náà ó na ìka sí ibodè. "Ìyá Bodè, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹja tó ń wẹ̀ lábẹ́ omi, ṣé ó ti rì ni?"

Iná ojú ibodè tún ṣẹ́jú. Ó ń ṣẹ́jú títí tí ẹ̀rín fi tán lẹ́nu gbogbo èèyàn, tí ẹnìkan fi wúkọ́. Nígbà tó sì tún sọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni tó ti lọ bá àgbà gbìmọ̀.

"A gbà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀ náà, orí ilẹ̀ Oríomi lẹ wà. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá kan ilẹ̀ ìlú mìíràn kí ìlẹ̀kẹ̀ tó padà sí ewé, ilé ti wó. Ohun kan tún kù. Ìgbìmọ̀ lè pe ẹ̀yin méjèèjì fún ìbéèrè nígbàkúgbà. Ẹni tó bá kọ̀ tí kò dáhùn ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó ilé náà."

"A ó dáhùn," ni Ìbídùnní wí.

Ọ̀pá náà gòkè. Ariwo tí ìlú pa lọ́jọ́ yẹn, àwọn ẹyẹ òkun fò kúrò lórí òpó gbogbo. Ìbídùnní dì mọ́ Níkò, èéfín àti oyin kún imú rẹ̀, ó ní, "Má jẹ́ kí ẹ̀rọ ìpè jìnnà sí ọ o. Bó o bá ń wẹ̀, gbé e dání." Níkò ní kó máa lọ, kó má wẹ̀yìn, àwọn tó wẹ̀yìn ló ń kọsẹ̀. Ìbídùnní sáré wọ ọkọ̀.

*

Bí Arògìdìgbà ṣe bọ́ sínú ìṣàn omi, ńṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn bá jókòó sẹ́yìn ẹranko ńlá tí ẹranko náà wá gbéra lójijì. Gbogbo wọn ló ké. Ìbídùnní ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ìbọ̀wọ́ ìtukọ̀, ó sì ń gbọ́ ìrù náà nínú ọrùn ọwọ́ rẹ̀: bó bá tẹ̀ síhìn-ín, ìrù tẹ̀, bó bá dẹ ọwọ́, ìrù dẹ̀. Níwájú gíláàsì, omi kọ́kọ́ jẹ́ àwọ̀ ewé, ó di àwọ̀ aró, ó wá di àwọ̀ tí kò ní orúkọ. Àwọn ẹja tó ń tàn bí iná ń kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Nígbà kan, àbùùbùtán kan wá sí ẹ̀gbẹ́ wọn, ó fi ojú kan ṣoṣo wò wọ́n, ó bá wọn lọ fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni tó ń sin àlejò sọ́nà. Ọ̀gá Ṣówándé ń sunkún, kò sì nu ojú.

"Ìbídùn," ni ó ń sọ ṣáá, "ó ń lọ! Ó mà ń lọ o!"

"Ó ń lọ, ọ̀gá!"

Wọ́n ti lọ jìnnà, òkun ti di ìdajì lẹ́yìn wọn, nígbà tí wọ́n dé ibi tí wọ́n ń pè ní Ọ̀fun. Òkè méjì ló dojú kọra wọn nísàlẹ̀ òkun, ìṣàn omi náà sì ní láti fún ara rẹ̀ gba àárín wọn kọjá. Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù rẹ̀ ti ń bà wọ́n láti ilé. Omi tó ń rọra sáré tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Imú ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú òkùnkùn àárín òkè náà ni ohùn obìnrin kan jáde lókè orí Ìbídùnní.

"Ìbídùnní Àkínrìnádé, Ilé Ìgbélùú ló ń pè yín. Ìyáàfin Ọdúnlámì lorúkọ mi, èmi ni màá bi yín léèrè. Ọkọ yín wà lórí ẹ̀rọ ìpè pẹ̀lú wa, ṣùgbọ́n ẹ ò ní lè gbọ́ ara yín. Ṣé ẹ ti ṣetán?"

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́! Inú Ọ̀fun ni mo wà!"

"Ṣé kí n kọ ọ́ pé ẹ ò dáhùn?"

"Rárá! Ẹ bi mí!"

"Apá wo lórí bẹ́ẹ̀dì ni ọkọ yín máa ń sùn sí?"

"Apá fèrèsé!"

Ohùn mìíràn, tó gbẹ bí èèpo igi, wí pé, "Ó bára mu." Ẹ̀rọ tó ń fi ìdáhùn wéra nìyẹn.

"Òkúta lápá ọ̀tún!" ni Ọ̀gá Ṣówándé kígbe.

Ìbídùnní fa ọwọ́. Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́ kan lélẹ̀, òkúta náà kọjá bí ògiri ilé.

"Oúnjẹ wo ni ọkọ yín kì í jẹ?"

"Ẹja!"

"Ẹja?" Ó ya obìnrin náà lẹ́nu. "Ní Oríomi?"

"Ó ní ẹja máa ń wo òun, mà!"

"Ó bára mu," ni ẹ̀rọ wí.

Omi gbá wọn láti ìsàlẹ̀. Ó ti ń rẹ ìrù, Ìbídùnní ń mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ń rẹ̀ ẹ́. Ìṣàn náà fẹ́ gbé wọn lọ bí ewé, kó sì fi wọ́n lu òkè. Ó nílò agbára ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

"Ìgbà tí ẹ jà kẹ́yìn, kí ló fà á? Ta ló sì jẹ̀bi?"

"Oyin ló kó wá sí ilé ìwẹ̀! Òun ló jẹ̀bi!"

"Kò bára mu," ni ẹ̀rọ wí. "Ọkọ sọ pé ìyàwó ló jẹ̀bi."

"Kí ló sọ?"

Nǹkan dún kẹ́ lórí ẹ̀rọ. Títí di òní, Ìbídùnní ò mọ̀ bóyá ìyáàfin náà ṣèèṣì so ohùn wọn pọ̀ ni, àbí ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣe é. Ohùn Níkò já lu etí rẹ̀: "...mo sì ti sọ fún un pé ìjì ń bọ̀, pé màá kó wọn wọlé, ó ní òun gbọ́, kò sì gbọ́..."

"Níkò! Odidi agbo oyin lo kó sílé ìwẹ̀!"

"Ìbídùn? Ṣé o ti dé?"

"Mo ti bọ́ra tán kí n tó rí wọn!"

"Ta ní ń bọ́ra kó tó wo inú ilé?"

"Inú ilé mi ni! Ṣé ó yẹ kí n máa kan ilẹ̀kùn fún oyin?"

"Wọn ò ṣe ọ́ ní nǹkan kan!"

"Wọ́n ta mí ní ìdí!"

"Ẹyọ kan! Ìwọ lo sì jókòó lé e!"

Ọ̀gá Ṣówándé yíjú sí ibòmíràn, èjìká rẹ̀ ń mì. Ṣùgbọ́n ìbínú ti wọ ọwọ́ Ìbídùnní, ó gba ìbọ̀wọ́ kọjá, ó dé ìdí ìrù, ìrù náà sì gbà á. Kò na omi báyìí rí. Ó gbá a lápá òsì, ó gbá a lápá ọ̀tún, gbì, gbì, Arògìdìgbà sì ta jáde láàárín òkè méjèèjì bí èso tí wọ́n fi ìka tẹ̀ jáde nínú èèpo. Òkun là sílẹ̀ níwájú wọn, ó gbòòrò, ó dákẹ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ṣubú láti òkè wá bí okùn. Àwọn ará ọkọ̀ ń dì mọ́ra wọn. Òun náà ń pariwo, kò mọ̀ bóyá ìjà ló ń jà ni àbí ó ń yọ̀.

"A ti kọjá! Níkò, a ti kọjá Ọ̀fun!"

"Ẹ ti kọjá? Yé è! Ẹ wá gbọ́ o!" Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń sáré kiri tó ń ké sí àwọn aládùúgbò.

"Ìdáhùn kò bára mu," ni ẹ̀rọ wí. "Àbá: kí ìlẹ̀kẹ̀ di pupa."

Àwọn ará ọkọ̀ yíjú sí Ìbídùnní.

"Ìwọ ẹ̀rọ, dákẹ́ ná," ni Ìyáàfin Ọdúnlámì wí. Ó mí kanlẹ̀. "Ìbídùnní, ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àwọn tó ń fi ìgbéyàwó tàn wá jẹ, ọ̀rọ̀ wọn kì í yàtọ̀ síra láéláé. Wọ́n á ti kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ́ irú ìjà báyìí sórí rí. Màá gbé ọ̀rọ̀ yín lọ síwájú ìgbìmọ̀, màá sì fi ohùn tèmi tì í lẹ́yìn. Àwọn ló kù tí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Títí dìgbà náà, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ o."

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ ṣé gan-an."

"Ọkọ yín ló jẹ̀bi, ẹ jọ̀ọ́," ni ó fi kún un, ó sì pa ẹ̀rọ.

*

Bàhíà yọ nínú ìkùukùu, pupa, funfun, ewé lórí òkè. Gbogbo etíkun ló kún. Bí Arògìdìgbà ṣe gbé ẹ̀yìn jáde nínú omi, igbe tí àwọn èèyàn náà ké já wọnú ọkọ̀. Wọ́n so afárá mọ́ ọn. Ọ̀gá Ṣówándé kọ́kọ́ lọ, wọ́n gbé e sókè, fìlà rẹ̀ bọ́ sómi. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìbídùnní dúró sẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, ó di irin mú. Bàtà rẹ̀ kò ju ìgbésẹ̀ kan sí ibi tí ilẹ̀ Oríomi ti parí.

Obìnrin kan tí ìlú yàn láti kí wọn káàbọ̀, Jasíra lorúkọ rẹ̀, fi ọwọ́ pè é. "Wá o, wá! Ìwọ kọ́ ni atukọ̀?" Yorùbá rẹ̀ dùn, ó ń fì bí orin.

"Èmi ni. Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀. Ìgbélùú ọkọ mi ò tíì jáde."

Ó ṣàlàyé fún un. Jasíra gbọ́ ọ títí, ó yí padà, ó sì kéde rẹ̀ fún etíkun lédè tiwọn. Ìkùnsínú kọjá láàárín èrò bí atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà ni ìyá kan gbé àwo àkàrà lé orí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun afárá bọ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e. Kò pẹ́, ìlú ló ń gòkè bọ̀: àwọn tó gbé èso, àwọn tó gbé ọmọ, àwọn tó kàn fẹ́ fọwọ́ kan atukọ̀ náà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀rín pa Ìbídùnní títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àkàrà wà lẹ́nu rẹ̀, àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra o!" ni Ọ̀gá Ṣówándé ń ké láti etíkun. "Ẹ fẹ́ rì í! Ẹ fẹ́ ri ọkọ̀ mi!"

Àárín ariwo yẹn ni Níkò pè é lórí ẹ̀rọ ìpè tó wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ìbídùn! Ó ti di ewé!"

"O ní kí ni?"

"Ewé! Ìlẹ̀kẹ̀ ti di ewé, tùtù bí ewé tètè! Wọ́n ní mo lè gbé, wọ́n ní mo lè rìn, mo lè lọ kí n bọ̀..."

Kò gbọ́ ìyókù. Afárá kún fún èèyàn, kò sì lè dúró. Ó gun etí ọkọ̀, ó fò. Omi ibẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ó sáré gba inú rẹ̀ kọjá, ó jáde sórí iyanrìn, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Èrò sọ pé "Háà!" Ó gbìyànjú láti dìde, ó tún ṣubú. Lórí pátákó ni wọ́n bí i, orí pátákó ló ti kọ́ ìrìn. Orúnkún rẹ̀ ń dúró de ìgbì tó máa gbé e sókè, ìgbì náà ò sì wá.

"Kí ló dé?" Níkò ń pariwo. "Ìbídùn, sọ̀rọ̀!"

"Kò mì, Níkò!" Ó da ojú sókè, ó ń rẹ́rìn-ín, iyanrìn kún irun rẹ̀. "Ilẹ̀ yìí ò mì rárá!"

Ó ti pẹ́ tí Níkò náà ti tẹ ilẹ̀ gidi kẹ́yìn. "Báwo ló ṣe rí?" ni ó bi í.

Ìbídùnní yí ara padà, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ilẹ̀. "Ó gbóná. Ó gbóná, ó sì dúró sójú kan bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ. Bá mi wá lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹnu ọ̀nà bá tún là lẹ́yìn òjò, a jọ ń bọ̀ ni."

"Màá wá. Ó yá, dìde nílẹ̀. Àwọn èèyàn ń wò ọ́."

"Kí wọ́n máa wò," ni Ìbídùnní wí, ó sì na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ sílẹ̀ gbalaja.